Lẹ́tà sí Àkànní lórí ọ̀rọ̀ ṣíà àti oorun rẹ̀

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Àkànní, ọmọ mi,

Mo dúpẹ́ pé o ti padà dé Èkó láyọ̀. Àmàlà tí o fi sílẹ̀ lálẹ́ Sátidé ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ láti ìgbà tí o ti lọ. Mo se gbẹ̀gìrì, mo se ewédú, ẹran ògúnfe wà níbẹ̀. Òkèlè mẹ́ta péré lo mú tí o fi ní o ti yó. Ìwọ tí mo mọ bí o ṣe máa ń lá abọ́! Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, o ń fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ ní kí lo ń wò, o jágbe mọ́ ọn. Mo tún rí i pé o ti jẹ èékánná rẹ kan ẹran.

Lóru, mo dìde, mo rí ìmọ́lẹ̀ fóònù lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ ní aago mẹ́ta. Àkànní, ọjà ṣíà wa, níbi tí wọ́n ti ń ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́, kì í ná lóru. Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ni wọ́n ń pa á, kì í sì í ná ní Sátidé. Kí wá lò ń wò?

N kò ní kí o má ra ṣíà. Èmi náà ní díẹ̀, mo sì mọ̀ pé orí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń wú. Ní oṣù Kìíní 2024, òǹkà tí wọ́n fi ń mọ bí iye gbogbo ṣíà ọjà wa ṣe ń lọ sókè sódò kọjá 100,000. Kí 2025 tó parí, ó ti lé ní 150,000. Ṣùgbọ́n iye náírà tí ṣíà ń tà ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Náírà yìí tó jẹ́ nǹkan bíi 460 sí dọ́là kan ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ti kọjá 1,500 kí 2024 tó parí. Torí náà, gbogbo ohun tó ga kọ́ ni èrè.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé mo ti rí irú ọjà yìí rí. O ṣì wà ní praimárì nígbà náà. Ní 2004, Soludo tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan gbé owó ìdásílẹ̀ rẹ̀ kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà, kó di bílíọ̀nù 25. Báńkì 89 di 25. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣíà kiri. Fọ́ọ̀mù dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé yàrá àwọn olùkọ́ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá yín, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, yá owó àjẹṣẹ́kù láti fi rà. N kò mọ̀ pé ó tún yá ti báńkì lé e.

Ní oṣù Kẹta 2008, òǹkà ọjà yìí wà lórí 66,000. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ó ti já sí nǹkan bíi 20,000. Àwọn òyìnbó ń kó owó wọn padà sílé, àwọn alágbàtà tí wọ́n fi owó báńkì ra ṣíà sì ní láti tà kí wọ́n lè san gbèsè. Bí wọ́n ṣe ń tà ni iye rẹ̀ ń já, bó ṣe ń já ni àwọn mìíràn tún ń tà. Ó gba ọjà ní nǹkan bí ọdún 15 kó tó padà dé ibi tó ti já. Báńkì tí àwa ra tirẹ̀ kò tilẹ̀ sí mọ́.

Bàbá yín kò sọ nǹkan kan fún mi. Ara rẹ̀ ló ń sọ, n kò gbọ́. Á máa payín keke lójú oorun. Á ní ọrùn ń ro òun, á fi Panadol sí i. Á gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sára ilẹ̀kùn. Èyí tí mo ṣì ń rí títí dòní ni pé, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á pa mọ́tò, á sì jókòó sínú rẹ̀ nínú ọgbà. Gíláàsì á wà ní títì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á wà lórí sítíà bí ẹni tó ṣì ń wakọ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó wọlé. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ra oògùn ibà. Ibà là ń tọ́jú, másùnmáwo ló ń ṣe é. Ọjọ́ tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, nọ́ọ̀sì náà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, torí kò gba ohun tó rí gbọ́.

Òun ni mo fi ń wò ọ́, ọmọ mi. Ní oṣù Kẹta 2024, Báńkì Àpapọ̀ tún ní kí báńkì tó ń ṣòwò dé òkè òkun ní bílíọ̀nù 500 náírà. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣíà kiri. Ó lè dára fún ẹni tó fi owó tí kò nílò rà á tó sì lè dúró. Ẹni tó fi owó ilé tàbí owó èlé rà á kò lè dúró.

Pa ìró tó ń ké lórí fóònù náà bí iye ṣíà bá yí padà. Òfin ọjà wa kì í jẹ́ kí ṣíà já ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́jọ́ kan, kò sí ohun tó máa parun nígbà tí o ń wẹ̀. Ó lè já lónìí kó tún já lọ́la lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú tí o là sílẹ̀ lóru kò lè dá a dúró. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó láti wò ó.

Mo fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè kan, má sì fi pa mọ́ fún mi: ṣé owó rẹ ni, àbí o yá a? Bó bá jẹ́ pé o yá a, sọ iye rẹ̀. N kò ní bínú. Mo ti bá ẹnì kan san irú rẹ̀ rí, títí di 2012.

Wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà ní kẹ́mísì ìsàlẹ̀ àdúgbò máa ń wà níbẹ̀ títí di aago mẹ́rin. Èmi náà fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi, a óò jọ lọ. N óò tún ro àmàlà.

Èmi ni ìyá rẹ.