Checkmate ló so wá pọ̀ ní ọ́fíìsì, kì í ṣe ọtí

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka lẹ́tà tẹ́nì kan kọ sínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní àwa òṣìṣẹ́ ìjọba ayé ìgbà yẹn fẹ́ràn ara wa ju tìsìnyí lọ torí a jọ ń mutí lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Iṣẹ́ táípíìsì ni mo ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba kan n'Ìbàdàn, ojú mi ló ṣe.

Ọtí wà lóòótọ́. Tí iṣẹ́ bá ti fẹ́ parí lọ́jọ́ Jímọ̀ àwọn ọ̀gá á ti máa wo aago, ó di ilé ọtí tó wà lẹ́yìn géètì, Star àti Gulder lórí tábìlì, pẹpẹsúùpù ẹran ìgbẹ́ tó ń gbóná fẹlifẹli, tí wọ́n bá sì gbé ẹnì kan sókè lẹ́nu iṣẹ́ dandan ni kó "wẹ̀ ẹ́", owó oṣù tuntun ọ̀hún á tán síbẹ̀ kí ìyàwó ẹ̀ nílé tó rí kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní móòtì lòun máa mu, wọ́n á ní ahun ni. Àwa obìnrin wá ńkọ́? Tó o bá bá wọn lọ wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ, tó ò bá lọ, gbogbo ohun tí wọ́n bá pinnu níbẹ̀ ti kọjá ẹ nìyẹn. Lọ́dún 1992 wọ́n fẹ́ rán èèyàn méjì lọ kọ́ kọ̀ǹpútà, ìdí ọtí ni wọ́n ti mú wọn, mo dé ibi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè mo bá orúkọ wọn lára bọ́ọ̀dù, àwọn méjèèjì tó máa ń jókòó ti ọ̀gá ni, kò sì sí èyí tó mọ táípì tẹ̀ nínú wọn. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Ohun tó so wá pọ̀ ni Checkmate, eré orí tẹlifíṣọ̀n tí Amaka Igwe kọ, tí NTA ń gbé jáde láago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́bọ̀, láti 1991 di 1994. Ẹ ò lè mọ bí àárọ̀ Jímọ̀ ṣe máa ń rí. Àdúgbò kan á níná, òmíràn ò ní ní, torí náà kò sọ́jọ́ tí gbogbo wa rí i tán, ẹni tó rí i ló ń ròyìn fẹ́ni tí ò rí i. Mẹ́sẹ́ńjà wa ló mọ̀ ọ́n sọ jù, á fohùn Chief Fuji inú eré náà sọ̀rọ̀, á tún fi ti àwọn ìyàwó ẹ̀ dáhùn, ọ̀gá pátápátá á yọjú láti ọ́fíìsì ẹ̀, á ní "dúró ná, kí ni Ann Haastrup wá sọ?" Ọ̀gá yẹn kì í bá mẹ́sẹ́ńjà jókòó nílé ọtí láéláé o, àmọ́ láàárọ̀ Jímọ̀, ẹnu mẹ́sẹ́ńjà ló ń wò. Àwa táípíìsì, Ann Haastrup yẹn gan-an ni tiwa, ọmọbìnrin tó ń darí iléeṣẹ́ ìdílé ẹ̀, ẹ̀ẹ́ rò ó wò, nígbà tí kò sí obìnrin kan ṣoṣo tó jẹ́ ọ̀gá lọ́fíìsì tiwa.

Ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó sọ fún mi pé kálukú ló ń wo tiẹ̀ lórí fóònù báyìí, ẹnì kan ti wò ó parí, èkejì ò tíì bẹ̀rẹ̀, á ní kí wọ́n má sọ ọ́ létí òun. Ó ní àwọn ọ̀gá wọn náà ṣì ń kó àwọn kan lẹ́yìn lọ mutí lọ́jọ́ Jímọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gidi sì wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fáwọn ọ̀gá yẹn kí wọ́n máa sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ níbi iṣẹ́, ní ojúmọmọ, níbi tí ìyálọ́mọ tó fẹ́ sáré lọ gbọ́mọ nílé ìwé náà á ti gbọ́.

Bí mẹ́sẹ́ńjà wa yẹn bá sì wà láyé tó ń ka ìwé ìròyìn yín, kó mọ̀ pé mi ò gbàgbé. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan tí mo wà lọ́sibítù pẹ̀lú ọmọ mi, ọjọ́ kejì ló wá bá wa lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà táwọn yòókù wà nílé ọtí, ó sì sọ gbogbo ẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Èmi ni,
Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kan, Ìbàdàn.