Lẹ́tà ẹ̀sùn: ẹ ta kọ̀ǹpútà tuntun fún mi, háàdì dísìkì inú ẹ̀ tòkunbọ̀ ni

Sí ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọjà. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí mo rà lọ́wọ́ yín fún bisinẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà mi ní Pánṣẹ́kẹ́ níbí náà ni. A ti sọ ọ́ lórí fóònù, a ti sọ ọ́ lórí WhatsApp, àwọn tó ń dá mi lóhùn ò sì sọ ohun kan náà rí, ti òní yàtọ̀ sí ti àná, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè pàṣẹ. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà fún mi nínú páálí, ẹ kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé tuntun ni, ẹ gba iye tuntun, àmọ́ tòkunbọ̀ ni háàdì dísìkì tó wà nínú ẹ̀, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí, ó sì ti ń kú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ariwo yẹn torí òun lẹ kà sí nǹkan kékeré. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan kọ̀ǹpútà nìkan ló máa ń dún, kọ́, kọ́, kọ́, á tún dákẹ́. Nígbà tó yá, tí mo bá ti fẹ́ ṣí fáìlì báyìí á tún bẹ̀rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà á dúró gbagidi, máòsì ò ní lọ síbì kankan, oníbàárà á jókòó síbẹ̀ tí á máa wò mí, á ṣe díẹ̀ kí iṣẹ́ tó tún máa lọ. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù lọ́dọ̀ yín ní gbogbo háàdì dísìkì ló ń pariwo. Mi ò jiyàn, wọ́n ń pariwo lóòótọ́, èyí tí mo lò ṣáájú eléyìí náà máa ń hùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ torí pé nǹkan ń yí nínú ẹ̀, tó bá sì ń wá fáìlì á máa rọra ha kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ìyẹn ò dààmú ẹnikẹ́ni. Èyí tí mò ń sọ yìí yàtọ̀ sí ìyẹn. Irú háàdì dísìkì tẹ́ ẹ fi síbẹ̀, àwo pẹrẹsẹ ló wà nínú ẹ̀ tó ń yí nígbà 7200 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, orí kékeré kan sì wà tó ń fò lókè àwo yẹn tó ń kà á láì fara kàn án, àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì kéré débi pé irun orí èèyàn nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àmì wà lára àwo yẹn tí orí náà fi ń mọ ibi tó wà. Tí ò bá rí àmì ọ̀hún kà mọ́, á sáré padà sí ìdí ẹ̀, á tún jáde lọ wá a, á tún padà, àlọ àtàbọ̀ yẹn ló ń dún kọ́, kọ́, kọ́. Ẹni tó bá ń ta kọ̀ǹpútà yẹ kó mọ ìró yẹn tó bá gbọ́ ọ, mo sì ká a sílẹ̀ lórí fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí yín.

Ẹ ní eruku ni. Eruku Abẹ́òkúta nígbà ọyẹ́ kì í ṣe kékeré, torí náà mo gbà pẹ̀lú yín. Ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣí ẹ̀gbẹ́ kéésì kí n fẹ́ eruku ara fáànù, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lórí WhatsApp mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo yọ wáyà ẹ̀ lára ògiri, mo ṣí i, mo fẹ́ ẹ, mo fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún. Ariwo ò lọ. Ohun tó wá dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé nígbà tí mo gbé e wá sọ́dọ̀ yín, ẹlòmíì wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó ní sítíkà tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ọn ti já, wọ́ráńtì ti tán nìyẹn. Ta ló ní kí n ṣí i? Ẹ ò lè ní kí n ṣí i lónìí kẹ́ ẹ tún wá sọ lọ́la pé ṣíṣí tí mo ṣí i ló jẹ́ kí n jẹ̀bi.

Injinía kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kútọ̀ ló bá mi wò ó, ojú mi ló ṣe é. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó yọ wáyà méjèèjì tó lọ sídìí háàdì dísìkì, èyí tó ń gbé iná àtèyí tó ń gbé data, ó wá tan kọ̀ǹpútà padà. Fáànù ń yí, kọ̀ǹpútà ń wá ohun tó máa fi gbéra, kò rí i, àmọ́ kò sí ariwo kankan mọ́. Ó pa á, ó kì wáyà yẹn padà, ó tàn án, ariwo dé. Ibẹ̀ ló ti hàn pé fáànù ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó pààrọ̀ wáyà SATA, ìyẹn èyí tó ń gbé data, ó lo ẹnu iná míì, ó mú skúrù tó de háàdì mọ́ kéésì le torí ó ní skúrù tó bá dẹ̀ máa ń jẹ́ kí gbogbo kéésì gbọ̀n, pàbó ló já sí. Ó ní power supply, ìyẹn ohun tó ń pín iná fún gbogbo inú kọ̀ǹpútà, tí ò bá gbé iná tó náà lè mú kí háàdì máa dún bẹ́ẹ̀, bó ṣe yọ ọ́ nìyẹn tó gbé e sínú kọ̀ǹpútà tiẹ̀ tí ò lárùn kankan. Ìró kan náà ló dún níbẹ̀.

Kó tó ṣe ohunkóhun míì, ó kọ́kọ́ kó fáìlì mi jáde sórí external, ìyẹn háàdì tí wọ́n ń kì mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta, tí mo sáré lọ rà. Èyí tó pọ̀ jù jáde, àwọn fódà kan kọ̀ jálẹ̀. Prójẹ́ẹ̀tì ọmọ FUNAAB kan wà nínú àwọn tó kọ̀, ọmọ náà sì ti fẹ́ lọ gbé e síwájú àwọn tíṣà ẹ̀, mo tún un tẹ̀ lófẹ̀ẹ́ látinú ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ilẹ̀ mọ́ bá mi nídìí ẹ̀.

Ìgbà yẹn ló wá ṣí CrystalDiskInfo. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò mọ̀ ọ́n, ohun tó ń ka SMART ni, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí háàdì dísìkì fúnra ẹ̀ ń kọ nípa ara ẹ̀. Ó yọ yẹ́lò, ó kọ Caution, ìyẹn ni pé ká ṣọ́ra. Reallocated Sectors, ìyẹn àwọn ibi tó ti bàjẹ́ tó ti fi ibòmíì dípò, ti kúrò ní òdo tipẹ́, àwọn ibi tó ń tiraka láti kà tí ò rí kà náà wà níbẹ̀ lọ́tọ̀. Ìlà C7 tí iye ẹ̀ máa ń gòkè tó bá jẹ́ wáyà ló ń ṣe ségesège, òdo gbáko ni. Èyí tó wá jẹ́ kí n pariwo ni Power-On Hours, iye wákàtí tí háàdì yẹn ti fi ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún un níná: ó lé ní 31,000. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan, kéèyàn tàn án tọ̀sántòru kó má pa á rárá. 31,000 ju ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà yìí ò tíì pé ọdún kan lọ́wọ́ mi, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo sì ń pa á tí mo bá fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. A yí háàdì náà po, a wo sítíkà ara ẹ̀, 2019 ni ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹ tún ní iná Abẹ́òkúta tó ń lọ tó ń bọ̀ ló bà á jẹ́. Iná ń lọ lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí UPS, ìyẹn bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró fúngbà díẹ̀ tí iná bá lọ, fi wà nídìí kọ̀ǹpútà mi, ọwọ́ yín náà ni mo ti rà á, ó wà lórí rìsíìtì kan náà. Iná tó lọ lójijì lè ba fáìlì téèyàn ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ jẹ́, àmọ́ háàdì òde òní, tí iná bá já, agbára yíyí tí àwo yẹn ṣì ń yí ló fi ń dá orí yẹn padà síbi ìsinmi ẹ̀. Ká tiẹ̀ ní iná ló bà á jẹ́, ṣé iná ló kọ wákàtí 31,000 sínú ẹ̀ ni? Ìbéèrè yẹn ni mo bi yín tẹ́nikẹ́ni ò dáhùn.

Ẹni tó dá mi lóhùn kẹ́yìn ní kí n lọ format ẹ̀, ìyẹn kí n nu gbogbo inú ẹ̀, àbí kí n fi chkdsk, àṣẹ Windows tó ń yẹ háàdì wò, tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà mọ́. Háàdì tó bá ti ń dún kọ́kọ́kọ́, okun díẹ̀ tó kù lára ẹ̀, kíkó ẹrù ẹni jáde ló yẹ ká fi ṣe, chkdsk á kàn máa fipá wọ́ ọ gba gbogbo ojú àwo yẹn, ó lè pa á pátápátá kéèyàn tó rí nǹkan kan mú. Tó bá wá jẹ́ ìró irin tó ń ha irin lẹ gbọ́, ṣe ni kéèyàn pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí orí yẹn ti ń ha ojú àwo nìyẹn, ohun tó bá sì ha kúrò níbẹ̀ ti lọ nìyẹn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Mi ò sọ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ní oṣù kìíní 2025, Heise, iléeṣẹ́ ìròyìn kan ní Jámánì, gbé e jáde pé háàdì dísìkì àlòkù ni wọ́n ń tà bíi tuntun, ó sì dé ọwọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó lórúkọ, wọ́n ti pa àkọsílẹ̀ SMART ẹ̀ rẹ́ kó lè dà bíi pé kò ṣiṣẹ́ rí; tèmi yìí, wọn ò tiẹ̀ pa á rẹ́. Ó lè jẹ́ pé ẹni tẹ́ ẹ ti ń rà ló tàn yín. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yáa yẹ àwọn tó kù nínú stọ́ọ̀ wò kẹ́ ẹ tó tà á fún ẹlòmíì. Kì í sì í ṣe pé tòkunbọ̀ burú o, tòkunbọ̀ ni printa mi, ẹni tó tà á fún mi sọ fún mi, iye tòkunbọ̀ ló sì gbà. Òfin FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, tí wọ́n ń pè ní ti 2018 náà ní kẹ́ni tó bá ń ta àlòkù kọ ọ́ síbi tójú á ti rí i pé àlòkù ni.

Ẹ ní kí n fi háàdì náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí Èkó kẹ́ ẹ tó fún mi ní òmíì. Mi ò lè gbà bẹ́ẹ̀. NIN àwọn èèyàn wà nínú ẹ̀, àfidáfíìtì tí wọ́n tẹ̀ lọ́dọ̀ mi kí wọ́n tó gbé e lọ sí kóòtù wà níbẹ̀, ìwé ilẹ̀, CV, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, mi ò sì rí i nù kúrò torí tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ló máa ń dúró gbagidi. Ẹni tó mọṣẹ́ lè rí i kó jáde lójú ọ̀nà. Òfin ààbò data tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 mú èmi tí mo gba ìwé lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fọkàn tán mi.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Ẹ fún mi ní háàdì dísìkì tuntun tó tóbi tó èyí tó wà lórí rìsíìtì, ká sì jọ ṣí CrystalDiskInfo níwájú ara wa kí n tó gbé e kúrò lọ́dọ̀ yín. Tó bá jẹ́ SSD, irú èyí tí kò ní àwo tó ń yí nínú, lẹ ní, mo gbà á. Tẹ́ ẹ ò bá ní ìkankan, ẹ dá owó mi padà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi pé wọ́ráńtì kọ̀ǹpútà náà ò tíì tán, pé ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣí i. Háàdì àtijọ́ yẹn, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ kọ síríà nọ́ńbà ẹ̀, ká wá lu ihò sí i lójú mi. Owó injinía àti owó external tún wà níbẹ̀, mo fi rìsíìtì méjèèjì mọ́ lẹ́tà yìí pẹ̀lú fọ́tò ojú CrystalDiskInfo àti ti sítíkà 2019 yẹn. Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn ìyẹn ọ̀dọ̀ FCCPC ni mo máa gbé gbogbo ẹ̀ lọ.

Nọ́ńbà mi wà lórí rìsíìtì yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rán èèyàn wá wò ó, mo máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù láti aago mẹ́jọ àárọ̀, kó kàn pè mí kó tó máa bọ̀.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Pánṣẹ́kẹ́, Abẹ́òkúta.