Lẹ́tà sí Bọ̀dá mi tó ní kọ̀ǹpútà ló pa White Sox

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ kú ilé. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò yín ló sọ ìdajì ẹ̀. Mo ṣáà gbọ́ ibi tó dùn yín jù, lórí White Sox, ẹgbẹ́ baseball wa ní Chicago: "Kọ̀ǹpútà ló pa White Sox. Àwọn ọmọ yìí ò mọ bọ́ọ̀lù í gbá mọ́, ìṣirò ni wọ́n mọ̀." Mo kọ́kọ́ ní kí èmi náà fi ohùn fèsì, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju ohun tí èèyàn ń sọ nínú ọkọ̀ ojú irin lọ. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ni yóò kà á fún yín. Níbi tí ẹ bá ti rí i pé mò ń ṣàlàyé ohun tó yé yín kí wọ́n tó bí mi, ẹ máa wò mí níran, àwọn ni mò ń bá wí.

Ẹ̀yin lẹ mú mi dé pápá yẹn. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo dé Chicago ni, ẹ ṣì ń wa takisí, ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, a wọ Red Line lọ sí 35th Street. Orúkọ pápá náà ti yí padà lẹ́ẹ̀mélòó kan látìgbà náà, Comiskey náà lẹ ṣì ń pè é. Ẹ ní kí n má wo bọ́ọ̀lù, kí n máa wo ọwọ́ ẹni tó ń jù ú. Ẹ wá yọ ìwé ńlá ẹlẹ́yìn dúdú yẹn, pẹ́ńsù ń bẹ létí yín, báírò pupa ń bẹ lápò. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù lẹ kọ sílẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ ò jẹ ẹ̀pà yín títí eré fi parí.

Èmi tí ẹ kọ́ ní kíkà yẹn náà lẹ wá ń sọ fún pé kíkà ló bayé jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n gbà á láti ọ̀dọ̀ Màmá ní Bódìjà. Ọlidé mélòó ni mo fi jókòó nídìí ẹ̀wà wọn? Oníbàárà tí kò mọ nǹkan á wo orí àpò, á ní ẹ̀wà yìí mà funfun o, á sanwó. Èyí tó gbọ́n á ti ọwọ́ bọ inú àpò dé ìgbọ̀nwọ́, á fa ti ìsàlẹ̀ jáde, á wò ó bóyá kòkòrò ti dá a lu. Lẹ́yìn náà, á dojú kóńgò dé, á wo ìdí rẹ̀. Ẹ mọ ìdí tó fi ń wò ó. Àwọn kan wà lọ́jà yẹn tí wọ́n máa fi òòlù lu ìdí kóńgò wọnú. Ojú á ní ó pé, ìkòkò á ní kò pé. Màmá kì í ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n mọ gbogbo àwọn tó ń ṣe é, ìsọ̀ sí ìsọ̀.

Bọ̀dá, batting average tí ẹ fi ń búra yẹn, kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú ni. Ohun tó ń kà ni iye ìgbà tí ẹni tó mú igi dání gbá bọ́ọ̀lù tó sì dé béèsì, ibùdó tí wọ́n ń sáré sí. Tí ẹni tó ń jù ú bá ju mẹ́rin síbi tí kò yẹ, tí onígi náà ní sùúrù, tí kò na igi sí i, tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí béèsì àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kóńgò yín ò rí i. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù kékeré dé béèsì àkọ́kọ́ àti ẹni tó gbá home run, tó gbá a kọjá ògiri pápá, ọ̀kan náà ni kóńgò yín pè wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ ní láti ná nínú eré yìí: ikú 27, ìyẹn ìgbà tí wọ́n lé èèyàn rẹ̀ jáde. Wọn ò fún ẹnikẹ́ni ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá kú, ọ̀nà yòówù kó gbà, owó ẹgbẹ́ ni kò ná yẹn. On-base percentage ń ka iye ìgbà tí èèyàn dúró tí kò kú. Gbogbo àṣírí àwọn oníṣirò tí ẹ ń bú kò ju ìyẹn lọ níbẹ̀rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ẹni tó sọ ìṣirò eré yìí di nǹkan tí gbogbo ayé ń jà lé lórí? Bill James. Ọlọ́dẹ ni ní Kansas, òun ló ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di ẹ̀wà sínú agolo lóru. Ẹ̀wà náà ni, ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹgbẹ́ Oakland wá gbà á gbọ́, tí wọ́n ń ra àwọn tí ọjà ò kà sí, wọ́n borí eré 103 ní 2002, owó oṣù gbogbo wọn sì jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti Yankees, ẹgbẹ́ New York. Ká ní Màmá ni wọ́n fún lówó yẹn, ohun tí wọ́n máa ṣe náà nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹ máa dárúkọ Tim Anderson, onígi wa tẹ́lẹ̀, fún mi. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ní 2019, batting average rẹ̀ jẹ́ 0.335, kò sí ẹni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ nínú líìgì méjèèjì, ẹ sì pè mí lóru láti fi mí ṣẹ̀sín. Ẹ wo ìsàlẹ̀ àpò báyìí: lọ́dún yẹn kan náà, ìgbà 15 péré ló rìn lọ́fẹ̀ẹ́. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lódidi ọdún! Gbogbo ohun tó ní wà lórí pé kí bọ́ọ̀lù máa bọ́ síbi tí kò séèyàn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa yá. Nígbà tó di 2023, ó gbá 0.245, home run kan ṣoṣo, kò sì sí nǹkan mìíràn nísàlẹ̀ tí ẹgbẹ́ lè bù jẹ. Wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Ó dùn mí. N kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ láìdára níwájú mi, nítorí alẹ́ August 12, 2021, nínú oko àgbàdo ní Iowa, Yankees ti gbà á lọ́wọ́ wa tán, òun ló gbá èyí tó kẹ́yìn wọnú àgbàdo lọ, 9-8. Ẹ rántí bí ẹ ṣe ń ké lórí fóònù? Ará ilé yín rò pé ẹnì kan kú ni.

Ọ̀rọ̀ 2005 wá kù, ọdún tí a gba World Series, ife tó ga jù nínú eré yìí. Ohun tí ẹ ń sọ láti ogún ọdún ni pé eré ọgbọ́n la fi gbà á: gbá a jẹ́jẹ́, jí béèsì, sáré wálé. Lóòótọ́, Podsednik wa jí béèsì 59. Ṣùgbọ́n home run 200 ni ẹgbẹ́ yẹn gbá, Bọ̀dá. Igba! Ní 2004, ìgbà 865 ni wọ́n sáré wálé gba àmì, eré 83 péré ni wọ́n sì borí. Ní 2005 ó wálẹ̀ sí 741, wọ́n borí 99. Àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù ló gbé wa débẹ̀. Nínú ìjà àwa àti Angels, Buehrle, Garland, Garcia, Contreras, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ju eré tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin léraléra, kò sẹ́ni tó wá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wọn. Ta ló tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí?

Níbì kan, mo gbà fún yín. Podsednik yẹn kò gbá home run kankan láti April títí wọ́n fi parí líìgì lọ́dún yẹn. Òdo. Ní October 23, òjò ń rọ̀, eré kejì World Series pẹ̀lú Houston, òun náà ló gbá èyí tó parí eré. Ẹ ti kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì kó tó balẹ̀. Kò sí kóńgò tó wọn ìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, 1-0 ní Houston, ọdún 88 tí a ò fi gba ife parí. (Ẹ sì sọ fún àwọn ará ìjọ yín pé nínú fídíò eré àkọ́kọ́, Póòpù Leo wà láàrin èrò. White Sox lòun náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe Cubs, ẹgbẹ́ kejì ní Chicago, parọ́ fún yín.)

Ọ̀rọ̀ 2024 ló mú ohùn yín wá, ẹ jẹ́ ká tú u. Eré 162, wọ́n pàdánù 121. Láti 1900, kò sí ẹgbẹ́ tó pàdánù tó bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ Mets ti 1962 tí wọ́n fi ń dáṣà, 120 ni tiwọn. Láti July wọ August, wọ́n pàdánù 21 léraléra. Wọ́n wá na Oakland 5-1, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n lé mánija. Ẹ ní kọ̀ǹpútà. Ẹ gbé kóńgò tiyín wá: 0.221. Ẹ gbé tèmi: nínú ìgbà 1,000 tí wọ́n dúró, ìgbà 278 péré ni wọn ò kú. Wọ́n wọlé lẹ́ẹ̀ 507, mẹ́ta àti díẹ̀ leré kan. Nínú ẹgbẹ́ 30, kò sí ẹni tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Kóńgò yín ní àpò ṣófo, tèmi náà ní ó ṣófo. Kọ̀ǹpútà wo ló ní kí wọ́n máa na igi sí gbogbo nǹkan tó ń kọjá? Wọ́n ti ta Cease tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa sí San Diego ní March, kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Robert fara pa ní April. Moncada ṣeré 12 lódidi ọdún. Lẹ́yìn wọn, kò sẹ́nì kankan. Wọ́n ta òpó ilé, a wá ń bú ẹni tó wá ka iye òpó tó kù.

Mo lọ ní September 24. Wọ́n ti pàdánù 120 kó tó di ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ èèyàn tó sanwó wọlé, òkú ni wọ́n wá wò. Wọ́n ń pariwo pé kí olówó ẹgbẹ́ tà á. Angels ń nà wá 2-0. Ìyá òyìnbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń hun súwẹ́tà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò gbójú sókè. Ìpín kẹjọ nínú mẹ́sàn-án dé, ọ̀kan wọlé, èkejì wọlé, Benintendi, onígi wa, gbá èyí tó sọ ọ́ di 3-2. Ìyá yìí fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ gún bọ́ọ̀lù òwú, ó ní, "Háà, wọ́n tún fẹ́ ṣojú ayé." Àwọn tó wá wo òkú bínú pé òkú jí. N ò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ tàbí kí n bá wọn bínú. Wọ́n borí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílé, wọ́n kọjá sí Detroit, ìpàdánù 121 náà sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ Friday, 4-1.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti wọ̀ mí lára ni bí eré náà fúnra rẹ̀ ṣe ń rí lójú. Ní 2005, àwọn onígi ẹgbẹ́ kan á lu afẹ́fẹ́ kú (strikeout) bí ẹ̀ẹ̀mẹfà leré kan. Ní 2024, ó lé ní mẹ́jọ. Gbogbo wọn ń na igi sókè, bí ẹni tó fẹ́ já máńgòrò. Tony Gwynn fi ogún ọdún gbá bọ́ọ̀lù, kò lu afẹ́fẹ́ kú ju 434 lọ. Adam Dunn wa yìí ṣe 222 ní 2012 nìkan, tòun ti home run 41 tó gbá. Ìṣirò mi ní kò burú. Ojú mi ní ó burú.

Àmọ́ ẹni tí kọ̀ǹpútà bá ṣọ̀rẹ́ jù lẹ ò wò o. Ẹ̀ ń wo onígi. Láti 2015 tí kámẹ́rà ti wà ní gbogbo pápá, àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ jèrè: wọ́n mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yí lọ́wọ́ wọn, wọ́n mọ èyí tí lágbájá ò lè gbá. Bọ́ọ̀lù tó bá ń sá 100 máìlì ní wákàtí kan, bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá ló fi ń débẹ̀. Ó rẹ ẹni yìí, wọ́n á mú ẹlòmíràn tí apá rẹ̀ tutù wá. Gwynn pàápàá ò bá irú èyí pàdé lójoojúmọ́. Àwọn aláṣẹ náà rí i, ni wọ́n ṣe yí òfin padà ní 2023.

Lọ́dún 2025, wọ́n pàdánù 102, wọ́n borí 60. Mọ́kàndínlógún ló fi ju ti 2024 lọ, mo sì yọ̀ ọ́, ẹ máa rẹ́rìn-ín.

Páálí tí ẹ fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ ilé mi, mo tú u lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìwé ẹlẹ́yìn dúdú yẹn wà níbẹ̀, mẹ́ta ni wọ́n. Ní gbogbo ojú ewé, gbogbo ẹni tó rìn lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ fi báírò pupa yí ká. Ẹ ò fo ẹyọ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní kò já mọ́ nǹkan! Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo kà wọ́n, mo sì fi pẹ́ńsù kọ àròpọ̀ sí ìsàlẹ̀ ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bínú. Ẹnì kan ń bọ̀ wálé ní December, á kó wọn bọ̀. Ewé bí ogójì ló ṣófo lẹ́yìn ìwé kẹta. Mo ti bá yín fa ìlà sí i.

Èmi ni,
Àbúrò yín ní Chicago