Mo Rí Màpó ní New York

Queens, New York,
Ọjọ́ Àìkú, lálẹ́.

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìnáwó ìgbéyàwó ọmọ Bùrọ̀dá Lékan. Mo rí fọ́tò. Aṣọ yẹ yín, ṣùgbọ́n gèlè yẹn ga jù.

Ọ̀rọ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé mọ́ wa lẹ́nu lọ́jọ́ Ẹtì ni mo fẹ́ parí. Ẹ bi mí pé kí ni mo jẹ, mo ní oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà, ẹ wá figbe ta: "Àkèré àbí kí ni?" Igbe yẹn ni mo gbọ́ kẹ́yìn. Kì í ṣe àkèré, Màámi. Wàrà sóyà ni, irú èyí tí ẹ máa ń rà fún wa ní Ọjà'ba. Ẹ sì gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é: Mapo! Èmi tí ẹ bí sí ẹsẹ̀ òkè Màpó.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín bó ṣe rìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, búkà àwọn ará Ṣáínà kan wà ní ìkángun àdúgbò wa. Gíláàsì tó nípọn bíi Bíbélì ló wà láàárín àwa àti àwọn tó ń tajà; ihò kékeré kan la ń ti owó bọ̀, ibẹ̀ náà ni oúnjẹ ń gbà jáde. Ohun tí gbogbo èèyàn ń rà ni adìẹ tí wọ́n ń pè ní General Tso. Mo rí i tó pupa fòò, mo ní ata rèé, mo dúpẹ́. Mo fi sẹ́nu, àfi bíi súìtì tí wọ́n fi adìẹ ṣe. Mo sì jẹ ẹ́ fún ọdún méjì gbáko, torí kò wọ́n, wọn kì í sì í tilẹ̀kùn kí n tó ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé.

Lóru ọjọ́ kan, mo bá ọkùnrin tó ń tajà yẹn àti ìyàwó rẹ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́yìn, tí wọ́n ń jẹun tiwọn. Kì í ṣe adìẹ pupa o. Omi ọbẹ̀ tó mọ́ gaara ni, nǹkan roboto funfun léfòó sínú rẹ̀ bí ẹyin àdàbà. Mo nàka sí i pé èyí ni mo fẹ́ rà. Ọkùnrin náà mirí: "Eléyìí kì í ṣe títà. O ò ní fẹ́ràn rẹ̀." Ó dùn mí díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣàánú mi, ó bu ẹyọ kan sínú ife, ó tì í gba ihò gíláàsì. Ẹja ni, wọ́n ti gún un títí ó fi kúnná, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ wá wà nínú rẹ̀. Ará Fuzhou ni wọ́n, ní ìpínlẹ̀ Fujian létí òkun, ọbẹ̀ yẹn sì ni oúnjẹ ìlú wọn. Adìẹ tí wọ́n ń tà fún wa, wọ́n ní Amẹ́ríkà làwọn ti bá a pàdé. Ọmọ ìpínlẹ̀ Hunan kan ní Ṣáínà, Peng Chang-kuei, tó bá ìjọba tí ogun abẹ́lé lé kúrò sá lọ sí erékùṣù Taiwan ní 1949, ló kọ́kọ́ sè é níbẹ̀, kò sì dùn bẹ́ẹ̀ nígbà náà. New York ni ṣúgà ti wọ̀ ọ́.

Ibi iṣẹ́, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ni mo ti mọ Ìyá Chengdu. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A kì í ṣáà pe àgbà lórúkọ. Chengdu ni olú ìlú ìpínlẹ̀ Sichuan ní Ṣáínà, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ràn oúnjẹ Ṣáínà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ti ìlú wo?"

Màámi, ọ̀rọ̀ yẹn mú mi. Torí "African Restaurant" kan wà ní títì kejì sí wa, ẹ sì mọ bí inú ṣe máa ń bí mi níbẹ̀. Ta ni ará Áfíríkà ọ̀hún? Kò sí ìkọ́kọrẹ́, kò sí gbẹ̀gìrì, àfi ráìsì pupa kan tí kò ní ìlú. Ohun tí mo ń bá àwọn wọ̀nyẹn jà sí lèmi náà ń ṣe fún ìlú onílùú.

Ó ní bí mo bá rí búkà tó kọ "Chinese Food" gàdàgbà sára pátákó, kí n máa bá ẹsẹ̀ mi lọ. Kí n wá èyí tó kọ orúkọ ìlú. Lanzhou, fún núdù tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà. Xi'an, fún ẹran àgùntàn àti kúmínì, èròjà ọbẹ̀ kan tó ń ta sánsán. Guangdong ni tàwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ata, ẹja tí wọ́n fi ooru omi sè jẹ́jẹ́. Àwọn ará Guangdong yìí ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́kọ́ wá síbí láyé ọjọ́un. Ìjọba ṣòfin ní 1882 pé kí òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà má wọlé mọ́, 1943 ni wọ́n tó pa á rẹ́, ilẹ̀kùn kò sì ṣí gan-an títí di 1965. Àwọn tó há síbí ń se ohun tí ẹnu òyìnbó gbà. N ò bá wọn wí.

Ọjọ́ tí àwa méjèèjì jọ wà ní ìsinmi, ó mú mi lọ sí Flushing, àdúgbò tí àwọn ará Ṣáínà pọ̀ sí ní Queens níbí. Rélùwéè nọ́ńbà 7 la wọ̀ dé òpin. Bí a ṣe gòkè jáde sí Main Street, Màámi, Dùgbẹ̀ ni! Èrò ń kọ lu èrò, ẹja ń jà nínú omi, ìyá kan ń ké iye ẹ̀fọ́. Ẹnìkan ń yan ẹran àgùntàn lórí igi, ó ń wọ́n ata àti kúmínì lé e: súyà ni, kúlíkúlí nìkan ni kò sí lára rẹ̀.

Ilé oúnjẹ tí a wọ̀ kò jọjú, tábìlì ń mì. Wọ́n gbé Mapo dé: wàrà sóyà funfun, rírọ̀, tí wọn ò dín, nínú òróró pupa, ẹran màlúù lílọ̀ ṣín-ínṣín-ín, àti lẹ́búlẹ́bú kan lórí rẹ̀. Ata ló kọ́kọ́ dé, mo rẹ́rìn-ín, ata ò lè fi ọmọ Ìbàdàn ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà tó ṣe, ètè mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀. Ahọ́n mi kú. Mo mu omi, omi náà ń ta mí bí ẹni pé iná mànàmáná wà nínú ife. Mo ní wọ́n ti fún mi ní nǹkan jẹ! Ìyá Chengdu ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín sínú abọ́ rẹ̀.

Ẹnu mi ló kọ́kọ́ rántí, kí orí mi tó rántí: orin àta. Orin àta Bàbá Àgbà, tí wọ́n máa ń run lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, tí wọ́n á gé díẹ̀ fún mi. Ètè mi á kú, màá máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo délé. Huajiao ni wọ́n ń pe èso tó ń pa ẹnu yẹn. Ẹbí kan náà ni igi rẹ̀ àti igi orin àta. Zanthoxylum ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe àwọn méjèèjì. Ẹ wá gbọ́ o: láti 1968 títí di 2005 ni ìjọba ibí fi òfin de huajiao. Wọ́n ní ó lè gbé àrùn tó ń ba igi ọsàn jẹ́ wọlé. Ìgbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi iná yá a. Ìyá Chengdu ní ìbọ̀sẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n òun ń dì í sí wá nígbà náà. Mo ní mo mọ̀ ọ́n: inú bàtà ni mo di irú sí nígbà tí mò ń bọ̀, oṣù kan gbáko ni àpótí mi fi ń rùn.

Orúkọ Mapo yẹn ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún kí ẹnu kú àti fún ojú tí ṣànpọ̀nná dá àpá sí: má. Pó ni ìyá àgbà. Ìyá olójú àpá kan, ìyàwó Chen, ló ń sè é fún àwọn èrò ọ̀nà ní Chengdu láyé àtijọ́. Oníbúkà ni, bíi Ìyá Àgbà tiwa. Ohùn ló ń yí ọ̀rọ̀ wọn padà bíi tiwa. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì, Ìyá Chengdu ní mo mú un.

Nǹkan dúdú wóró-wóró kan tún wà nínú ọbẹ̀ náà, douchi, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ títí ó fi rùn bó ṣe yẹ kó rùn. Mo mú irú wooro lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì kí Ìyá Chengdu tọ́ ọ wò. Ó lá ìka, ó dákẹ́, ó tún lá a, ó wá ní: "Ọjọ́ mélòó lẹ fi ń bò ó? Ewé wo lẹ fi ń bò ó?" Màámi, n ò mọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi mí ṣẹ̀sín pé mò ń jẹ ohun tí n ò lè ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi Ìyá Aláró lọ́wọ́ kan, kí ẹ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.

Mo ti fi owó òrùlé ránṣẹ́ lánàá, ẹ jẹ́ kí Bùrọ̀dá Lékan bá yín gbà á. Mo fẹ́ ní kí ẹ fi orin àta méjì rán ẹni tó bá ń bọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á gbà á ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹ kàn bá mi run díẹ̀ lọ́la láàárọ̀, kí ẹ sì sọ fún mi lórí fóònù bó ṣe ń ta yín lẹ́nu.

Ọmọ yín,
Àbíkẹ́