Ẹ De Òrùlé Mọ́ Ògiri Kí Ìjì Tó Dé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú làálàá. Ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Àbújá, ooru ti gbòde. Láìpẹ́ yìí ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìròyìn tí a máa ń kà lọ́dọọdún: ìjì ṣí òrùlé ilé ẹ̀kọ́, ìjì wó ṣọ́ọ̀bù, ìjì pa ènìyàn. Ìròyìn náà kì í ju ìlà díẹ̀ lọ, wọn á sì sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, orí òrùlé ni mo ti ń jẹun láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ìkìrun wá sí ìhín. Èmi náà gbà pé Ọlọ́run ló ni ìjì. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló kan òrùlé, bí a sì ṣe kàn án ló ń sọ bóyá yóò dúró.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé kì í tètè mọ irú òjò tí a ní níbí. Nílé, òjò lè rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kí ènìyàn ká aṣọ tó sá, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Níhìn-ín, pàápàá láàárín oṣù Ẹrẹ́nà sí oṣù Èbìbí, afẹ́fẹ́ ló ń ṣáájú òjò, òun ló sì ń ṣọṣẹ́. Láti oṣù Bélú ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ti ń fẹ́ lórí wa. Tó bá di oṣù Ẹrẹ́nà, afẹ́fẹ́ olómi láti orí Òkun Àtìláńtíìkì á bẹ̀rẹ̀ sí í tì í padà sí àríwá. Níbi tí àwọn méjèèjì bá ti ń pàdé, tí oòrùn sì ti mú kí ilẹ̀ gbóná látàárọ̀, ìkùukùu á máa ga sókè, ó lè ga ju kìlómítà 10 lọ. Òjò tó ń já bọ́ látinú rẹ̀ á fa afẹ́fẹ́ tútù wálẹ̀ pẹ̀lú agbára. Nígbà tí afẹ́fẹ́ yẹn bá balẹ̀, kò ríbi wọ̀ mọ́, ẹ̀gbẹ́ ló máa gbà jáde. Òun ni ẹ ń rí tó ń kó eruku pupa bọ̀ kí òjò tó kán.

Ìlà oòrùn ni irú ìjì bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń wá, ó ń gba ọ̀nà òkè Jos bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ń gbé Nyanya, Karu tàbí Mararaba, ọ̀nà Keffi ni kó máa wò lẹ́yìn tí ọ̀sán bá ti pọ́n. Tí ooru bá mú tí ewé kankan kò mì, tí ojú sánmà apá ibẹ̀ sì dúdú tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n, tí afẹ́fẹ́ tútù wá ṣàdédé fẹ́ sí ọ lójú, àkókò tó kù fún ọ kò pọ̀ mọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ìjì yìí kì í ṣe torínádò tí wọ́n ń sọ ní Amẹ́ríkà. Tiwọn ń pòòyì láti inú ìkùukùu títí kanlẹ̀, ó ń jà ju ìgbà 1,000 lọ lọ́dún kan, èyí tó sì le jù nínú rẹ̀ ń sáré ju kìlómítà 320 lọ ní wákàtí kan. Tiwa sábà máa ń fẹ́ gbọọrọ lọ ni, kì í le tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó ń pa ènìyàn. Ní oṣù Òkúdu ọdún 2018, ìjì kan jà ní Bauchi, ó ba ilé jẹ́ lọ rẹpẹtẹ, ẹ̀mí sì bá a lọ. Kì í ṣe torínádò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí ní Lugbe. Wọ́n pè mí lọ wo ilé kan lọ́jọ́ kejì ìjì. Òrùlé ti fò kọjá fẹ́ǹsì, ó lọ balẹ̀ sórí ilẹ̀ òfìfo tó wà lẹ́yìn ilé. Mo yí i po. Ìṣó páànù kò yọ. Páànù ṣì wà lára igi, àwọn igi ṣì so mọ́ra wọn, kódà wọ́ọ̀lù pléètì, igi tí a máa ń kọ́kọ́ tẹ́ sórí ògiri, wà nídìí rẹ̀ digbí. Gbogbo rẹ̀ ló ṣí lẹ́ẹ̀kan náà bí ìdérí ìkòkò. Mo wá gun ògiri. Orí búlọ́ọ̀kù mọ́ tónítóní, kò sí irin kankan tó yọ jáde níbẹ̀. Wọ́n kàn gbé igi lé e ni, wọ́n wá gbá ìṣó mélòó kan wọ simẹ́ńtì. Ojú ihò ìṣó náà ṣì wà níbẹ̀, mo ki ìka mi bọ̀ ọ́.

Onílé yẹn sanwó páànù tó dára. Káfíńtà tó ṣe é mọ igi kàn. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni irin pẹlẹbẹ tí àwa ń pè ní húùpù áyọ́ọ̀nù. Bíríkìlà ló yẹ kó ti ri í mọ́ àárín búlọ́ọ̀kù, ní ìlà méjì tàbí mẹ́ta sísàlẹ̀ orí ògiri, kí orí rẹ̀ méjèèjì yọ sókè. Tí káfíńtà bá wá tẹ́ wọ́ọ̀lù pléètì, á tẹ irin náà lé e lórí láti ọ̀tún àti òsì, á kàn án mọ́lẹ̀. Nígbà náà ni òrùlé tó di ara ilé. Láìsí i, ìwúwo igi àti páànù nìkan ló dì í mú, ìwúwo yẹn kò sì tó nǹkan lójú ìjì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ṣe ni afẹ́fẹ́ ń tẹ òrùlé mọ́lẹ̀. Rárá o. Afẹ́fẹ́ tó bá ń sáré kọjá lórí òrùlé, fífà ló ń fà á sókè, etí àti igun òrùlé ló sì ti ń fà jù. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ìṣó sún mọ́ra ní etí òrùlé ju àárín lọ. Ibi tí páànù bá ti yọ síta ògiri jìnnà, tàbí tí ó bo fàráńdà tí kò ní ògiri, afẹ́fẹ́ tún ń ti ìsàlẹ̀ gbé e. Tí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn bá wá ṣí sílẹ̀ ní apá tí ìjì ti ń bọ̀, afẹ́fẹ́ á kún inú ilé, á máa ti àjà sókè láti inú. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn kan ṣì ń sọ pé kí a ṣí fèrèsé kí ìjì lè ráyè kọjá. Nígbà kan rí, ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n ń fún àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà nítorí torínádò. Wọ́n ti jáwọ́ nínú rẹ̀ tipẹ́. Ẹ ti gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn pa.

Ilé tí a ti kọ́ parí náà ní àtúnṣe. Bíríkìlà lè já ihò sára ògiri lábẹ́ wọ́ọ̀lù pléètì, kó fi kọnkéré ri irin náà mọ́ ọn, kí káfíńtà wá tẹ̀ ẹ́ sórí igi nígbà tí kọnkéré bá gbẹ. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Àwọn onílé máa ń bá mi jiyàn lórí owó irin yìí, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ná ìlọ́po rẹ̀ sórí páànù aláwọ̀ tí aládùúgbò ń rí. Ó máa ń dùn mí. Ayálégbé ló ń sùn lábẹ́ òrùlé yẹn pẹ̀lú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́.

Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mo ti rí, ìta ni ikú pọ̀ sí. Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa, àwọn tí eji sì ń rí jù ni ìyá tó ń ta àgbàdo lẹ́bàá títì, ọmọ tó ń fi agboòrùn ṣe POS, àwọn ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́. Tí ìjì bá dé, ìdí fẹ́ǹsì ni wọ́n ń sá sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má sá síbẹ̀! Púpọ̀ nínú fẹ́ǹsì tí a ń rí kò ní òpó kọnkéré kankan láàárín, búlọ́ọ̀kù lórí búlọ́ọ̀kù ni. Tí ìjì bá tì í, odindi ló ń dà lu ẹni tó fara tì í. Kí wọ́n má sá sábẹ́ pátákó ìpolówó ńlá, kí wọ́n má sì sá sábẹ́ igi. Àwọn bàbá wa tó ń ki Ọya ní ẹ̀fúùfù lẹ́lẹ́ tí ń dági lókè lókè mọ̀ pé igi kì í ṣe ibi ààbò. Inú ilé búlọ́ọ̀kù, bánkì, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ibikíbi tí wọ́n bá lè gbà wọ́n wọlé, ibẹ̀ ni kí wọ́n sá sí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì náà, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Mànàmáná náà ńkọ́? Ìṣẹ́jú àáyá 3 ni ìró àrá fi ń rin kìlómítà kan. Tí o bá rí mànàmáná tí o sì gbọ́ àrá kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá 30, ó ti sún mọ́ ọ jù, wọlé. Má sì jáde títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tó dún gbẹ̀yìn. Wáyà iná tó bá já sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má kọjá nítòsí rẹ̀, ì báà jẹ́ pé kò sí iná ládùúgbò.

Nínú ilé, ẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń sá sí. Àwa kò ní in. Ilé ìwẹ̀ kékeré tó ní ògiri búlọ́ọ̀kù yíká ló dára jù, tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín ilé. Ṣùgbọ́n ní ilé tí yàrá kọjú síra wọn, ẹ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn, torí tí méjèèjì bá ṣí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn gan-an ni afẹ́fẹ́ máa gbà. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì àti fóònù tí iná wà nínú rẹ̀ sí ìtòsí, kí ẹ sì kó ìwé ẹ̀rí àti ìwé ilẹ̀ sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Tánkì omi tó wà lókè, ẹ má jẹ́ kó ṣófo lásìkò yìí, torí òfìfo ló ń fò. Tí ènìyàn bá fara pa, 112 ni ẹ pè.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ ló kù. Àjọ NiMet tó ń rí sí ojú ọjọ́ máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n sì ń kìlọ̀ nígbà tí ìjì bá ń bọ̀. Gbígbọ́ ìkìlọ̀ yàtọ̀ sí gbígbà á. Ní ìlú Joplin ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 22 oṣù Èbìbí ọdún 2011, fèrè ìkìlọ̀ dún kí torínádò tó wọ̀lú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tètè sá, wọ́n ń dúró kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Ó ju 150 ènìyàn tó kú. Àwa náà ní tiwa ní Àbújá níbí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2006, ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sí Sókótó gbéra nínú ojú ọjọ́ tí kò dára, kò sì pẹ́ tó fi já. Ó ju 90 ènìyàn tó bá a lọ, Súltàn Sókótó, Muhammadu Maccido, wà lára wọn. Àwọn tó ṣèwádìí sọ pé awakọ̀ mọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí kó tó gbéra.

Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju èyí lọ. Ìkìlọ̀ NiMet tí mo sábà ń rí lórí fóònù, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹ máa tú u sí Yorùbá, kí ẹ fi í sí ojú ewé kìíní láti oṣù Ẹrẹ́nà títí di Òkúdu, kí àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín fún àwọn ìyá wọn lè kà á sí wọn létí. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní Kubwa, Nyanya, Gwagwalada àti Mararaba ń ṣèpàdé lóṣooṣù. Kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ òrùlé kún ohun tí wọn yóò jíròrò nípàdé tó ń bọ̀, kí wọ́n sì bá àwọn opó àti arúgbó tó wà láàárín wọn yẹ tiwọn wò. Àwa káfíńtà wà nínú ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn, a ò ní gbowó lọ́wọ́ opó ká tó gun òrùlé wò.

Fún onílé tó bá fẹ́ yẹ tirẹ̀ wò fúnra rẹ̀, kó gun òkè àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kó tan án sí ibi tí igi ti pàdé ògiri. Tí kò bá rí irin tó ti ara búlọ́ọ̀kù jáde tó sì ká igi náà mọ́lẹ̀, tàbí tó bá rí i pé ikán ti jẹ igi náà, kó pe káfíńtà lọ́sẹ̀ yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Káfíńtà onípáànù kan,
Mararaba, lẹ́bàá Àbújá.