Ilé yìnyín kì í ṣe ibi ìwọ bàtà Ojúde Ọba

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o.

Àwọn òbí láti Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù tó ń lọ kí ọmọ wọn l'Amẹ́ríkà lásìkò òtútù, ẹ gbọ́. Bí wọ́n bá ní ẹ ká lọ wo ilé yìnyín, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ ní Midway, ní ìpínlẹ̀ Utah, ẹ kọ́kọ́ wo ìkànnì wọn kí ẹ tó gbéra. Omi ni wọ́n ń fọ́n sára ọ̀pá yìnyín títí tí yóò fi di ògiri. Bí ojú ọjọ́ bá móoru, wọn a sún ọjọ́ ṣíṣí síwájú.

Ẹsẹ̀ gan-an ni wàhálà. Yìnyín fífọ́ ló wà nílẹ̀, ó dà bí iyanrìn, àmọ́ ó ń yọ̀. Bàtà aláwọ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dán a gbé àgbà ṣubú. Bàtà gígùn tó ní eyín nísàlẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn. Ìbọ̀sẹ̀ òwú a máa mu òógùn, a sì tutù mọ́ ẹsẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ìtì-ọmọ kì í fẹ́ yí níbẹ̀. Ẹ ki fóònù sápò inú, torí òtútù ń tètè gbẹ bátìrì. Alẹ́ ló dùn ún wò jù, nígbà tí iná aláwọ̀ bá tàn nínú ògiri.

Agbádá ńkọ́? Ẹ fi sílé.

Àwa òǹkàwé yín,
Ìjẹ̀bú-Òde