Ẹ dárúkọ àwọn olùkọ́ wọn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo ka ìròyìn tí ẹ kọ nípa àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń lu gamelan, àkójọ ohun èlò orin onídẹ àti ìlù láti erékùṣù Bali ní Indonéṣíà, lágbègbè San Francisco. Inú mi dùn pé ẹ rántí wọn. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ yin àwọn tó ń lù ú títí, síbẹ̀ ẹ ò dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó kọ́ wọn.

Ní ilé Àyàn, bí ọmọ kan bá lùlù tó dùn, ohun tí àgbà máa kọ́kọ́ bi í ni pé ta ni ọ̀gá rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni mo retí nínú ìròyìn yín.

Gamelan Sekar Jaya ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà. Michael Tenzer, Rachel Cooper àti I Wayan Suweca ló jọ dá a sílẹ̀ lọ́dún 1979. Ọmọ Bali ni Suweca, òun ló sì kọ́kọ́ kọ́ wọn. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ pe àwọn ọ̀gá onílù àti oníjó láti Bali pé kí wọ́n wá máa gbé láàárín wọn fúngbà díẹ̀. I Nyoman Windha, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú ká ṣẹ̀dá orin tuntun fún gamelan, wà lára wọn. I Dewa Putu Berata, tó dá ẹgbẹ́ Çudamani sílẹ̀ ní abúlé Pengosekan, wà lára wọn pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Olùkọ́ á jókòó kọjú sí ọmọ iṣẹ́, irin idẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n tò sórí àpótí á wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọ̀dọ̀ tirẹ̀ níhìn-ín lọ̀gá ti ń lù ú, tó fi jẹ́ pé ohùn tó wà lápá ọ̀tún ọmọ, apá òsì ọ̀gá ló wà. Kò sí ìwé níwájú ẹnikẹ́ni. Ọmọ iṣẹ́ á tẹjú mọ́ òòlù onígi tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ọwọ́ rẹ̀ á máa sá tẹ̀lé e. Ọwọ́ òsì náà ò gbọdọ̀ sinmi: òun ló ń di irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dún mú, kí ohùn rẹ̀ má bàa bo èyí tó kàn mọ́lẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n rí níbi ìdánrawò, èmi tí mi ò lu nǹkan kan, ó rẹ̀ mí.

Ìyẹn ò tíì dé ibi kotekan. Níbẹ̀, èèyàn méjì ló ń pín orin kan lù. Ibi tí ẹni tó mú apá kan, tí wọ́n ń pè ní polos, bá dákẹ́ sí ni ẹni tó mú apá kejì, sangsih, ń bọ́ sí, débi pé orin náà á yára ju ohun tí ọwọ́ ẹnì kan lè dá ṣe lọ. Àwọn irin náà sì wà ní méjì-méjì, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ohùn ọ̀kan fi díẹ̀ ga ju ìkejì lọ, kí ohùn lè máa gbọ̀n rìrì bí wọ́n bá lù wọ́n pọ̀. Etí tí kò mọ̀ ọ́n á ní wọ́n ti bàjẹ́. Ta ni yóò fi èyí han ọmọ Kalifọ́níà, bí kì í bá ṣe ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà nídìí rẹ̀?

Mi ò ní àwọn ọmọ iṣẹ́ náà ò gbìyànjú o. Wọ́n lu gamelan ní Bali fúnra rẹ̀ lọ́dún 1985, lọ́dún 2000 sì ni ìjọba Bali fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ Dharma Kusuma, èyí tí wọn ò fún ẹgbẹ́ àjèjì kankan rí ṣáájú wọn. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ ọwọ́ àwọn olùkọ́ ló hàn nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá tún fẹ́ gbé àwòrán wọn jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹni tó jókòó sídìí ìlù kendang láàárín, tó ń darí gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ olùkọ́ wọn ni, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ àwòrán náà, kí ẹ sì kọ ìlú tó ti wá. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà, wọ́n á sọ fún yín.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Oakland, Kalifọ́níà.